Ojú Ọ̀nà Ni Kí O Wò, Má Wo Ẹnu Mi

Ohun tó ń bí Tíṣà Bíréèkì nínú jù ní wọ́ọ̀dù náà ni pé kò sí ibi kankan tó ń dùn ún. Ká ní ó ń dùn ún ni, ì bá kúkú gba kádàrá, kó dùbúlẹ̀, kó máa kérora bíi tàwọn yòókù. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ le koko, oúnjẹ ń wọlé, ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n sì ní kó má kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì àfi tó bá fẹ́ lọ sí ilé ìwẹ̀. Obìnrin tó ń jókòó ti àwọn tí kò mọ ọkọ̀ wà lójoojúmọ́, tí ikú ń yẹ̀ lórí rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, òun ni wọ́n wá ń fi àga onítáyà tì lọ sí ilé ìwẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin.

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ó ń kọ́ èèyàn ní ọkọ̀ wíwà. Ọkọ̀ tó fi ń kọ́ni ní bíréèkì méjì, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀. Kò sí ẹni tó jókòó sídìí ọkọ̀ náà rí tí kò gbọ́ igbe "Bíréèkì!" títí etí rẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ di. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá, ó sì dùn mọ́ ọn nínú. Láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́, kò tíì sí wèrè kan tó wa ọkọ̀ náà dé ibi tí ẹsẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kò ti lè dá a dúró. Nísinsìnyí, ikùn ti bo ẹsẹ̀ ọ̀hún, kò tilẹ̀ rí i mọ́.

Wọ́ọ̀dù àwọn aboyún tí oyún wọn léwu ni, wọ́n sì ní òfin tiwọn níbẹ̀. Dókítà kankan ò gbọ́dọ̀ dúró lé aláìsàn lórí kó máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún dókítà mìíràn bí ẹni ń yẹ ẹran wò lórí àtẹ. Bó bá dé, á fa àpótí, á jókòó, á dúró kí ẹbí náà jókòó, kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lójú gbogbo wọn. Ẹbí náà ò sì ní jókòó lásán. Wọ́n á kọ́ ẹnì kan bí wọ́n ṣe ń fi òróró ra ẹsẹ̀ aboyún kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì síbẹ̀, wọ́n á kọ́ ẹlòmíràn bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ lé ikùn láti mọ̀ bóyá ọmọ ń tapá dáadáa. Dókítà tó ń tọ́jú Tíṣà jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kanlẹ̀ tó bá jókòó sórí àpótí yẹn, ohun tó bá sì wà níkùn rẹ̀ ló ń sọ.

"Ọmọ ò ní wàhálà," ó wí lọ́jọ́ tí wọ́n gba Tíṣà wọlé. "Ó ń tapá, ó ń tasẹ̀. Ibi ọmọ ni ìṣòro wa. Òkè ló yẹ kó wà, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ló sùn sí, ó dí ẹnu ọ̀nà tí ọmọ máa gbà jáde. Ó sì tún ti wọnú ojú àpá iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún yín nígbà kan."

"Ẹ ní tírélà kan lọ páàkì sẹ́nu géètì," ni Tíṣà wí.

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni."

"Dẹ́rẹ́bà ẹ̀ dà?"

"Kò ní dẹ́rẹ́bà. Ìdí tá a fi ní kẹ́ ẹ dúró tì wá nìyẹn."

Dókítà wá là á yé e pé ẹ̀jẹ̀ lè ya nígbàkigbà láìsí ìrora, pé kí ìrọbí tó bẹ̀rẹ̀ ni àwọn máa ṣiṣẹ́ abẹ, pé tí ibi ọmọ náà bá kọ̀ tí kò ṣí kúrò, ẹ̀jẹ̀ máa dà, tí ẹ̀jẹ̀ ò bá sì dá, àfi kí àwọn yọ ilé ọmọ pọ̀ mọ́ ọn. Bí àwọn bá fi falẹ̀, ìyá á lọ. Tíṣà gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìgbin. Iṣẹ́ abẹ ìgbà yẹn, ọmọ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é kò dúró. Ọmọ náà sunkún díẹ̀, ó sì dákẹ́. Tíṣà kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ òun lẹnu ẹ̀ gbà jù ládùúgbò.

Lọ́jọ́ tí ìdílé kọ́kọ́ jókòó, ìyá ọkọ rẹ̀ ló ṣíwájú dé, gèlè rẹ̀ sì ga débi pé Ìyá Ìbejì tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ kan bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ kó tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, òun ò rí fáànù mọ́. Wọn ò tíì bí ìbejì ọ̀hún o, inú ni wọ́n ṣì wà, ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé ìyá wọn wá. Tíṣà ní orúkọ kan tó ń pe ìyá ọkọ rẹ̀, nínú ọkàn rẹ̀ nìkan ni o, nítorí wọ́n tọ́ ọ dáadáa. Wọ́dà ló ń pè é. Bí ìyá yẹn bá ti gbọ́wọ́ sókè báyìí, gbogbo ilé á dúró gbagidi bí ọkọ̀ ní ìkóríta.

Ọkọ rẹ̀ wọlé tẹ̀ lé ìyá rẹ̀, ìyẹ̀fun ṣì wà létí rẹ̀ méjèèjì. Alábúrẹ́dì ni. Búrẹ́dì rẹ̀ dára, kò sí ẹni tó máa jiyàn ìyẹn, ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí búrẹ́dì, kò sí ohun tí ọkùnrin yìí lè dá pinnu láyé. Kó tó wọ ìbọ̀sẹ̀, á béèrè èyí tí kóun wọ̀. Ìdí ọkọ̀ ni Tíṣà ti pàdé rẹ̀. Ó kọ́ ọ, ó kọ́ ọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe ìdánwò, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló fìdí rẹmi, nítorí bó bá ti kù díẹ̀ kó tẹ bíréèkì, ojú Tíṣà ló máa kọ́kọ́ wò láti mọ̀ bóyá kóun tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ìdánwò kẹta, ó dúró ti ọkọ̀, ó ń fi ọwọ́ ra orí. "Tíṣà, ṣé kí n tún forúkọ sílẹ̀ ni, àbí kí n kúkú fẹ́ yín?"

"Fẹ́ mi," ni Tíṣà wí. "Ó sàn ju kí n tún jókòó tì ẹ́ nínú ọkọ̀ lọ."

Títí di òní, "ẹ̀yin" ló ń pe ìyàwó rẹ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń pe olùkọ́, ìyàwó sì ń pe òun ní "ìwọ". Wọ́dà ti sọ ọ́ sọ ọ́ pé ayé ti dorí kodò nínú ilé yẹn, àmọ́ kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Dókítà mú bàǹdì yẹ́lò kan jáde. Ó ní aboyún kọ̀ọ̀kan máa yan ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n máa fi bàǹdì yìí sí lọ́wọ́. Adúrótì ni wọ́n ń pè é. Òun ló lè wọlé nígbà tó bá wù ú, òun ló máa jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀ ní yàrá iṣẹ́ abẹ, bí wọ́n bá sì ti fún ìyá lóògùn oorun tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, òun ni wọ́n máa bi léèrè ohun tí ìyá fẹ́. Kó tó parí ọ̀rọ̀, Wọ́dà ti na ọwọ́ rẹ̀ síwájú, ó ti ká ẹ̀gbà ọwọ́ sókè kó lè ráàyè.

"Ọkọ mi ni," ni Tíṣà wí.

"Èwo nínú wọn?" Ìyá Ìbejì béèrè láti ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sì fi ìrọ̀rí bo ẹ̀rín.

Tíṣà kọjú sí dókítà. "Mo sì fẹ́ sọ ọ́ báyìí kí gbogbo yín gbọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ ò bá dá, ẹ yọ ilé ọmọ yẹn. Ẹ má dúró gbàdúrà lórí ẹ̀. Mo fẹ́ wà láyé kí n tọ́ ọmọ mi."

Wọ́dà gbọ́wọ́ sókè. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé oògùn kọjá pàápàá dúró. "Kí wọ́n yọ kí ni? Ìyàwó, ṣé o mọ ohun tó ò ń sọ ṣá? Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Mo mọ bí ilé ọlọ́mọ kan ṣe máa ń dákẹ́. O ò tíì bí èyí tó wà níkùn, o ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn."

"Màmá, bí mo bá kú, ta ló fẹ́ bí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn? Ẹ̀yin ni?"

Dókítà ní ohun tí ìyá ọmọ bá sọ làwọn máa tẹ̀ lé. Gbogbo wọn wá kọjú sí Alábúrẹ́dì tí bàǹdì yẹ́lò ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ dókítà tó ń fì nínú afẹ́fẹ́. "Ṣé," ó wí, "ṣé kí n sọ nǹkan ni?"

Ibẹ̀ ni àyà Tíṣà ti já. Ẹ̀rù ọ̀bẹ kò bà á tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé òun máa sùn, ẹ̀jẹ̀ á máa dà, ẹnì kan á bi ọkọ òun ní ìbéèrè kan ṣoṣo, ọkùnrin yìí á sì jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ bi ìyá rẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ nìyẹn. Ó ní kó gbé agolo tó fi ń yan búrẹ́dì mẹ́ta wá láti ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kó jókòó sórí àga, kó kọjú sí ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù, kó to agolo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú ẹsẹ̀ rẹ̀: kílọ́ọ̀ṣì, bíréèkì, tọ́tù. Ilẹ̀kùn yẹn ni ọ̀nà. Òun fúnra rẹ̀ dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bíi pé inú ọkọ̀ ni wọ́n wà, ó wá ń pariwo oríṣiríṣi. "Yà sọ́tùn-ún! Ewúrẹ́ rèé! Búrẹ́dì ti jó! Ìyá ẹ ń bọ̀!" Iṣẹ́ Alábúrẹ́dì ni kó má wo ibì kankan àyàfi ilẹ̀kùn. Ìgbà tí Tíṣà bá wá ní, "Ẹ̀jẹ̀ ò dá o!" kó tẹ agolo àárín mọ́lẹ̀, kó sì sọ gbólóhùn kan tí Tíṣà kọ́ ọ: "Ẹ yọ ọ́, ìyàwó mi ni mo fẹ́ mú lọ sílé."

Ọ̀rọ̀ kékeré ni, àmọ́ ó nira fún un ju ìdánwò ọkọ̀ lọ. Bí Tíṣà bá ti lanu, orí rẹ̀ á yí síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Ojú ọ̀nà ni kí o wò, má wo ẹnu mi!"

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń sọ̀rọ̀ kẹ̀, Tíṣà."

"Mo lè máa sọ ìsọkúsọ. Tí ẹ̀rù bá bà mí níbẹ̀, mi ò mọ ohun tó máa jáde lẹ́nu mi. Èyí tí mo sọ nígbà tí ojú mi dá lo máa gbé dání."

Alábúrẹ́dì ronú díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú agolo. "Tẹ́ ẹ bá wá yí ọkàn padà lóòótọ́ ńkọ́? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?"

Ìbéèrè gidi ni, ó sì ya Tíṣà lẹ́nu pé òun kọ́ lòun kọ́kọ́ rò ó. Ó fọwọ́ pa ikùn. "Bí mo bá yí ọkàn padà lóòótọ́," ó ní, "màá bú ẹ mọ́ ọn. Ǹjẹ́ o ti gbọ́ ohun kan rí tó ti ọkàn mi wá tí èébú ò sí nínú ẹ̀?"

Ọkùnrin náà rò ó títí. "Rárá o. Ọjọ́ ìgbéyàwó pàápàá."

"Ó dáa. Bí o ò bá gbọ́ èébú, kì í ṣe èmi lò ń gbọ́ yẹn. Ẹ̀rù ni."

Gbogbo wọ́ọ̀dù wá sọ ẹ̀kọ́ yìí di eré ìrọ̀lẹ́. Nọ́ọ̀sì Àgbà fẹ́ fòfin dè é, ó ní Ìyá Ìbejì ń rẹ́rìn-ín jù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á tún ga. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ náà wò, ó ti wálẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bí Alábúrẹ́dì bá pẹ́ díẹ̀, Nọ́ọ̀sì Àgbà fúnra rẹ̀ ló máa ń béèrè pé níbo ni dẹ́rẹ́bà wà. Ẹ̀kọ́ náà tilẹ̀ wọ ọkùnrin yìí lára jù. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gbẹ́ni kan wọlé láti yàrá àyẹ̀wò, ó ní òun wá gba ẹ̀jẹ̀. Bí Alábúrẹ́dì ṣe gbọ́ "ẹ̀jẹ̀", ó dìde fùú, ó tẹ agolo, ó ké mọ́ ọn: "Ẹ yọ ọ́! Ìyàwó mi ni mo fẹ́ mú lọ sílé!" Ọ̀gbẹ́ni yẹn sá jáde pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ẹlòmíràn ni wọ́n rán padà wá.

Wọ́dà ò rẹ́rìn-ín. Òun ni wọ́n fún ní iṣẹ́ òróró, ojoojúmọ́ ló sì ń wá ra ẹsẹ̀ ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó ń rà á tìbínú tìbínú, bíi pé ó fẹ́ bó awọ rẹ̀. Ó bá wọn lórí ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kan. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ọmọ rẹ̀ tó ki ẹsẹ̀ bọ inú agolo búrẹ́dì, tó tẹ ojú mọ́ òun láìkí òun, nítorí pé òun ló wà nínú ọ̀nà.

"Ṣé oògùn ni wọ́n fún un?" ó bi Ìyá Ìbejì.

"Wọ́n ń kọ́ ọ bó ṣe máa sọ pé kí wọ́n yọ ilé ọmọ ìyàwó ẹ̀ ni, Màmá," ni Ìyá Ìbejì dáhùn, ẹni tí kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní àṣírí.

Wọ́dà gbọ́wọ́ sókè, ó fi ìka pe ọmọ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Tíṣà na ọrùn títí, kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ padà wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì ń yí bàǹdì yẹ́lò po lọ́wọ́.

"Kí ni wọ́n bá ẹ sọ?"

"Wọ́n ní kí n má sọ."

"Èmi ni mo sì ní kó o sọ."

Ó wo ilẹ̀kùn. "Tíṣà, ẹ jẹ́ ká máa ẹ̀kọ́ wa lọ."

Tíṣà bú u dé ìran kẹta lọ́jọ́ náà, ó bú u títí ó fi rẹ̀ ẹ́, síbẹ̀ ọkọ rẹ̀ ò sọ. Tíṣà wá mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ó ti bà jẹ́ nìyẹn. Ìyá ti gba ọmọ rẹ̀ padà. Ó ronú pé kóun bọ́ bàǹdì náà lọ́wọ́ rẹ̀ kóun gbé e fún Ìyá Ìbejì, ó sì bínú sí ara rẹ̀ pé òun ò lè ṣe é, nítorí bí òun bá máa kú, ojú ẹni tí kò lè pinnu yẹn lòun fẹ́ rí kẹ́yìn.

Ọ̀sán ni ọjọ́ náà dé, ó kù díẹ̀ kí ọjọ́ tí wọ́n dá fún iṣẹ́ abẹ pé. Wọ́dà ń ra ẹsẹ̀, Alábúrẹ́dì wà nídìí agolo, Tíṣà ń pariwo nípa ọlọ́kadà kan tó já wọnú ọ̀nà. Ó mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan lọ́wọ́ọ́rọ́ kan ṣàn lábẹ́ òun. Ó kọ́kọ́ rò pé ìtọ̀ ni, ojú sì tì í, nítorí ìyá ọkọ rẹ̀ wà nídìí ẹsẹ̀. Ìgbà tó rí ọwọ́ Wọ́dà ló mọ̀. Òróró ti kúrò lójú ọwọ́ yẹn, pupa ló kù.

Wọ́dà ò gbọ́wọ́ sókè. Ó kígbe. "Nọ́ọ̀sì! Ọmọ mi o! Ẹ gbà mí, ọmọ mi o!" Tíṣà wòye, nínú gbogbo rògbòdìyàn náà, pé òun ló ń pè ní ọmọ.

Wọ́n ti bẹ́ẹ̀dì náà jáde, àwọn nọ́ọ̀sì ń sáré, Alábúrẹ́dì ń sáré tẹ̀ lé wọn. Ariwo irin kan ń dún tẹ̀ lé wọn bákan náà, gbàngàn, gbàngàn, gbàngàn, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń yọjú. Agolo bíréèkì ló há sí i lẹ́sẹ̀. Dé ẹnu yàrá iṣẹ́ abẹ ni wọ́n dá a dúró.

"Ṣé kí n bọ́ ọ?" ó béèrè.

"Bọ́ ọ, ọ̀dẹ̀!" Tíṣà pariwo láti orí bẹ́ẹ̀dì.

Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn, láti ìbàdí dé àtẹ́lẹsẹ̀ kú tipiri, wọ́n ta aṣọ kan sí àárín àyà rẹ̀ àti iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ọkọ rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀, fìlà aláwọ̀ ewé lórí, ìyẹ̀fun ṣì wà létí. Tíṣà gbọ́ igbe ọmọ. Ó dúró kó dákẹ́, bíi ti ìjọ́sí, ṣùgbọ́n èyí ò dákẹ́, ńṣe ló ń gbóhùn sókè sí i bí ẹni tí wọ́n jí owó rẹ̀. Dókítà ní kí wọ́n sọ aṣọ yẹn kalẹ̀ díẹ̀ kí ìyá rí i. Obìnrin ni. Wọ́n gbé e lé e láyà, ó tutù, ó ń yọ̀, ó ń bínú, Tíṣà sì mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ohùn àwọn tó wà lẹ́yìn aṣọ yí padà. Wọn ò pariwo, wọ́n dákẹ́ ni, ìyẹn ló sì burú. Wọ́n gbé ọmọ kúrò. Yàrá náà jìnnà sí i. Ó gbọ́ tí ẹnì kan ní ẹ̀jẹ̀ ò dá. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó fẹ́ kó wo òun, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti gbójú sókè, dókítà ló ń wò. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti dúdú.

Ohun tó kọ́kọ́ mọ̀ nígbà tó jí ni pé ẹnì kan ń ra ẹsẹ̀ òun. Ó ń rà á jẹ́jẹ́. Ó lajú, ó rí Wọ́dà láìsí gèlè, irun rẹ̀ funfun ju bí Tíṣà ṣe rò lọ. Lórí àga, ọkọ rẹ̀ ṣí bọ́tìnnì ẹ̀wù sílẹ̀, ọmọ náà sùn sí i láyà, aṣọ bo àwọn méjèèjì. Nọ́ọ̀sì Àgbà ló fi ọmọ síbẹ̀, ó ní títí ìyá máa fi jí, bàbá ni ibùsùn.

"Wọ́n yọ ọ́?" ni Tíṣà béèrè. Ohùn rẹ̀ kéré.

"Wọ́n yọ ọ́," ni Wọ́dà wí.

Tíṣà wo àjà. Òun ló ní kí wọ́n yọ ọ́, òun ló pariwo ẹ̀ létí gbogbo ayé, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà gún un bíi pé kò gbọ́ ọ rí. Omi dà lójú rẹ̀ wọ inú etí. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó dákẹ́.

"Kò wá bi mí," ni Wọ́dà wí lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. "Lọ́jọ́ tí mo pè é síta, ohun tí mo bá a sọ nìyẹn. Mo ní, tó bá di ọjọ́ yẹn, má wá bi mí o. Bó o bá bi mí, màá ní kí wọ́n fi sílẹ̀, torí ojú ọmọ-ọmọ ń pọ́n mi, mi ò sì ní lè kó ara mi níjàánu. Mo ní bó o bá yọjú sí mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, etí ni màá gbá ẹ." Ó da òróró sọ́wọ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹsẹ̀. "Mo jókòó síbẹ̀, mò ń wo ilẹ̀kùn. Kò yọjú."

Alábúrẹ́dì ń wo orí ọmọ. "Tíṣà," ó ní, "mo ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ, mi ò mọ bí màá ṣe... ṣé kí n sọ ọ́?"

"Sọ ọ́."

"Ẹ ní kí wọ́n má yọ ọ́."

"Irọ́ ni."

"Kí oorun tó gbé yín lọ. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ò dá, ẹ sì di ọwọ́ mi mú, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n. Ẹ ń sunkún. Ẹ ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi.' Lẹ́yìn náà lẹ ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Dókítà wá kọjú sí mi. Ó ní, 'Bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Kí ni ìyàwó yín fẹ́?'"

Tíṣà ò rántí ìkankan nínú rẹ̀. Ó wá inú orí rẹ̀ títí, kò rí i níbẹ̀. Òun tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń tẹ bíréèkì, òun ló ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ẹ̀rù ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ wá bà á, ó bà á ju ti yàrá iṣẹ́ abẹ lọ.

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo kọ́kọ́ dúró ná." Ó fọwọ́ kan orí ọmọ. "Mò ń retí kẹ́ ẹ bú mi. Mo tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Mo ní bóyá ó ń bọ̀. Àní kẹ́ ẹ pè mí ní ọ̀dẹ̀ lásán, ǹ bá ní kí wọ́n fi sílẹ̀." Ó gbé ojú sókè, ó wò ó. "Ẹ ò bú mi. 'Ẹ jọ̀ọ́' lẹ̀ ń sọ. Mo ní kì í ṣe ìyàwó mi lèyí. Mo bá sọ ọ́ fún wọn bẹ́ ẹ ṣe kọ́ mi. Mo tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀." Ó na ẹsẹ̀ náà síwájú kó rí i. "Ṣé mo ṣe é dáadáa, àbí mi ò ṣe é dáadáa? Ẹ sọ fún mi. Mi ò lè dá a mọ̀."

Tíṣà la ẹnu. Ó fẹ́ sọ nǹkan tó dára, nǹkan tí èèyàn ń sọ fún ẹni tó gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ó wo ọkùnrin náà, ìyẹ̀fun àná tó ti gan sí i létí, ẹ̀wù tó ṣí sílẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan tí agolo ti ya ní imú.

"Olórí gbọọrọ," ó ní. Ohùn náà kọ́kọ́ há, ó wá ń la. "Òpònú. Olójú bí ẹni tí búrẹ́dì jó mọ́ lọ́wọ́. O fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹta, o ò mọ òsì, o ò mọ ọ̀tún, o gbé agolo wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí ọ̀bọ tó ń lọ sógun. Ta ló ní kó o ṣí àyà sílẹ̀ fún òtútù? Fa aṣọ bo ọmọ mi, dìndìnrìn!"

Nọ́ọ̀sì Àgbà yọrí wọlé, ó fẹ́ sọ pé aláìsàn gbọ́dọ̀ sinmi. Wọ́dà gbọ́wọ́ sókè, Nọ́ọ̀sì Àgbà sì dúró.

"Ẹ jẹ́ kó bú u," ni Wọ́dà wí.

Alábúrẹ́dì fa aṣọ bo ọmọ. Ó sún àga mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé orí lé ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún gan-an, èjìká rẹ̀ ń mì, ọmọ ń mì pẹ̀lú rẹ̀, kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá kóun sun ún. Tíṣà gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì ń bú u lọ.